Ó Lọ Mú Àdàbà

Ní abúlé wa, Smrikva, ní erékùṣù kan tó kọjú sí Ítálì, bí ọkùnrin bá sá fún ìyàwó rẹ̀, bí ọmọ ilé ìwé bá sá fún ìdánwò, bí ajá pàápàá bá sá kúrò nílé, ohun kan náà ni wọ́n máa ń wí: "Ó lọ mú àdàbà." Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún wáìnì bù sí ife. Àwọn ọmọ àná ń sọ ọ́, wọn ò mọ ibi tó ti ṣẹ̀. Èmi mọ̀ ọ́n. Inú ilé wa ló ti jáde. Bàbá mi ni ẹni tó lọ mú àdàbà, Palmina ìyá mi sì ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ títí gbogbo orí rẹ̀ fi funfun.

Ìtàn ìyá mi ni mo fẹ́ sọ. Ẹ má retí pé kí n fi oyin sí i o, kò sí oyin níbẹ̀.

Ìyá mi kì í ṣe èèyàn ńlá. Láti ìgbà ọmọge ló ti ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja agolo tó wà létí èbúté, ó ń gé orí sadíìnì, ó ń tò wọ́n sínú iyọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá débi pé ojú kò lè bá a. Bó bá ń bọ̀ lọ́nà, òórùn ẹja á ti ṣáájú rẹ̀ dé. Nikša, bàbá mi, fẹ́ ẹ tòun ti òórùn náà. Ọkùnrin gíga ni, kò lọ́rọ̀ lẹ́nu, ohùn rẹ̀ kì í dùn bó bá ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ọkọ̀ kí ó sì máa tù ú láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn gan-an. Ìyá mi kọ́ ló sọ èyí fún mi. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló sọ ọ́, tìjowútìjowú ló sì fi sọ ọ́.

Nígbà tí ìyá mi lóyún mi, ẹja di ọ̀tá rẹ̀. Ẹ wo ọ̀ràn! Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ẹja, tó ń gbé nílé tí wọ́n ti ń jẹ ẹja láàárọ̀, tí wọ́n ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Gbogbo ohun tó bá jẹ ló ń bì. Ó rù, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Lọ́dọ̀ tiwa, bí aboyún bá rí bẹ́ẹ̀, omi ẹran àdàbà ni wọ́n ń sè fún un, àwọn àdàbà àpáta tó ń sùn nínú ihò etí òkun. Ẹran mìíràn ṣọ̀wọ́n láyé ìgbà náà.

Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní ihò àdàbà tirẹ̀, àṣírí sì ni. Bàbá á fi han ọmọkùnrin rẹ̀ nìkan. Wọn kì í fi han ìyàwó, torí ìyàwó ní ẹ̀gbọ́n, ó ní àbúrò, àwọn náà sì lẹ́nu tí wọ́n fi ń jẹran. Ọgbọ́n àwọn baba wa nìyẹn o, ọgbọ́n tó jẹ́ kí a ṣọ́ ẹyẹ bí ẹni ń ṣọ́ wúrà. Ogun ti pa bàbá Nikša. Nínú gbogbo ayé, Nikša nìkan ló mọ ihò ilé wa.

Òpin ìgbà òtútù ni. Òkun dákẹ́ rọ́rọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi fà sẹ́yìn kúrò létí àpáta, ó ń dán bí òróró inú àwo. Ìyá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbá inú mú. Nikša jáde, ó gbé àwọ̀n tó ní ọ̀pá lé èjìká, ó ti wáyà bàbà sápò, ó mú búrẹ́dì àti ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ dání.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo ń lọ mú àdàbà wá fún ẹ."

"Nínú ihò wo?"

"Palmina, ṣé o fẹ́ kí bàbá mi dìde nínú sàréè ni?" Ó rẹ́rìn-ín.

"Mẹ́rin ti tó. Má pẹ́ o."

Ó ní òun ò ní pẹ́. Ó ti ọkọ̀ kékeré rẹ̀ sómi, ó dúró nínú rẹ̀, ó ń tù ú lọ títí ó fi yí kọ́nà àpáta. Kò padà wá.

Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ bí ayé ṣe rí nígbà yẹn. Ìjọba ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde nílùú. Ìyà sì pọ̀, àwọn èèyàn sì ń jáde. Bí òkun bá ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á bọ́ sínú ọkọ̀, wọ́n á tù ú lọ sí Ítálì, láti ibẹ̀ wọ́n á gba Amẹ́ríkà lọ. Ọjọ́ tí bàbá mi lọ gan-an ni Lovre àti Dinko, tẹ̀gbọ́ntàbúrò láti ilé òkè, kò wálé. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo abúlé ti mọ̀. Ọkùnrin mẹ́ta ni kò sí, òkun sì dákẹ́. Kí ló tún kù tí wọ́n máa rò?

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé òkun tó ń sùn kì í pààyàn. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ̀ wá lára débi pé bí èèyàn bá lọ lọ́jọ́ tí ìgbì ń jà tí kò padà, a ó wọ aṣọ dúdú, a ó lọ wá òkú. Bó bá lọ lọ́jọ́ tí òkun dákẹ́ tí kò padà, a ó ṣẹ́jú síra wa.

Àwọn ọlọ́pàá dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n jókòó ti ìyá mi.

"Níbo ni ọkọ rẹ wà?"

"Ó lọ mú àdàbà."

"Níbo?"

"Mi ò mọ̀."

"Ìyàwó ilé ò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ lọ?"

"Wọn kì í sọ fún wa."

Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n tún pè é, ìbéèrè kan náà ni, èsì kan náà ni. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni Prošper, ẹni tó ń wọn ẹja ní èbúté, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kò nílẹ̀kùn, dìde nílé ọtí. "Àdàbà?" ló wí. "Ẹ dákun, ẹ fi Nikša sílẹ̀. Àdàbà Ítálì sanra ju tibí lọ!" Ilé ọtí wó fún ẹ̀rín. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé wọn ò wá a ni? Kí ni wọ́n fẹ́ fi wá a? Àwọn ọlọ́pàá ti gba gbogbo àjẹ̀ abúlé wa kí ẹlòmíràn má bàa tún sá lọ. Wọ́n tì wọ́n mọ́ yàrá iyọ̀ nílé iṣẹ́ ẹja. Ọkọ̀ wà, àjẹ̀ kò sí. Ìyá mi bẹ̀bẹ̀ fún àjẹ̀ kan péré, wọ́n ní ṣé òun náà fẹ́ lọ bá àdàbà ni. Nígbà tí wọ́n fi máa kó àjẹ̀ padà fún wa, àjàrà ti ń rúwé.

Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ mi kú sàn ju ọmọ mi nù lọ. Ìyá Àgbà ò gbà. Ó ní ọmọ òun ò kú, ọmọ òun wà ní Amẹ́ríkà, ó ń jẹ búrẹ́dì funfun. Bí ìyá mi bá ti lanu pé bóyá nǹkan ti ṣe Nikša lórí omi, Ìyá Àgbà á ké mọ́ ọn: "Ṣé o fẹ́ fi ẹnu rẹ pa á ni? Àjẹ́! Ó sá fún ẹ ni! Ta ni ò ní sá fún òórùn ẹja?" Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé o. Orí tábìlì kan náà ni wọ́n ti ń jẹun.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí òun ló dùn mí jù: níbẹ̀rẹ̀, ìyá mi nìkan ló mọ òtítọ́. Ìyá mi nìkan ló ń sọ pé Nikša ò lọ sí ibì kankan, pé ó ṣèlérí pé òun ò ní pẹ́. Wọ́n bí mi, ó ṣì ń sọ ọ́. Mo ń rìn, ó ṣì ń sọ ọ́. Àfìgbà tí Prošper tún dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tuntun. Ó ní ìbátan òun kan tó wà ní èbúté kan ní Amẹ́ríkà rí Nikša lójúkojú, tó ń ta ẹja, òun àti obìnrin kan tó sanra, tó ń pè é ní olólùfẹ́. Obìnrin tó sanra! Ìyá mi tó rù nígbà oyún mi, tí kò tún sanra mọ́ láti ìgbà náà! Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọjọ́ yẹn ni ìyá mi gbà gbọ́. Ọjọ́ yẹn ló kó aṣọ Nikša jáde, ó fi wọ́n nu ilẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni obìnrin tí mo mọ̀ ní ìyá ti bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ti tẹ́lẹ̀. Kì í kọrin. Kì í jó níbi ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni. Àwọn opó abúlé wa ń wọ dúdú títí wọ́n fi ń kú, àwọn èèyàn á yà fún wọn lọ́nà, Fàdá á dárúkọ ọkọ wọn nínú Máàsì. Ìyá mi ò lẹ́tọ̀ọ́ sí dúdú. Aṣọ aláwọ̀ eérú ló ń wọ̀, aṣọ ẹni tí kì í ṣe opó tí kì í sì í ṣe ìyàwó. Ọkùnrin dáadáa kan wà, Stipan, ẹni tó ń kan àgbá wáìnì. Ó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ó wá bá Fàdá. Fàdá bi í léèrè, "Òkú ọkọ rẹ̀ dà?" Stipan ní kò sí òkú. Fàdá ní, "Ìyá ọkọ rẹ̀ sọ pé ó wà láàyè. Ṣé kí n so obìnrin kan mọ́ ọkùnrin méjì ni?" Stipan dúró, ó dúró, ó sú u, ó fẹ́ ará abúlé kejì. Ṣùgbọ́n bó bá pàdé ìyá mi, á ṣí fìlà. Ó ń ṣí fìlà fún un títí ó fi kú.

Ọgbà àjàrà wa wà lódìkejì erékùṣù, ọkọ̀ la fi ń lọ. Ìyá mi ló ń tù ú, òun náà a máa dúró bí ọkùnrin, èmi á jókòó níwájú. Bí a bá dé etí àpáta tí wọ́n ń pè ní Gola, níbi tí òkun ti là sílẹ̀ lọ sí apá Ítálì, á gbé àjẹ̀ sókè. Á kó itọ́ jọ sẹ́nu, á tu ú sómi.

"Jẹ àdàbà rẹ yó," ni ó máa ń wí.

Kò sí ìgbà kan tí a kọjá níbẹ̀ tí kò tutọ́. Èmi náà kọ́ ọ. Kékeré ni mí, itọ́ mi kì í jìnnà, bó bá sì dà sí mi láyà, òun á fi ọwọ́ nù ún. Ẹ̀rín díẹ̀ tí mo rí lójú rẹ̀ láyé mi, ibẹ̀ ni mo ti rí i.

Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé irú èèyàn wo ni bàbá mi. Ó gbá mi létí. Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi ọkùnrin, ó yẹ kí a sọ ọ́ ní orúkọ bàbá àgbà tó ti lọ, bí a ti ń ṣe. Ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. "Bí o bá sọ ọmọ yìí ní Nikša, má gbé e wá sílé mi." A sọ ọ́ ní Davor, orúkọ tí kò jẹ́ ti ẹnikẹ́ni nílé wa.

Ìjọba yí padà, ọ̀nà là, Lovre sì ti Amẹ́ríkà wá kí ilé pẹ̀lú eyín wúrà lẹ́nu. Ó bá ìyá mi létí èbúté níṣojú gbogbo èèyàn.

"Palmina, ẹ má bínú sí mi o. Èmi àti Dinko nìkan la lọ. A ò rí Nikša lójú omi, a ò rí i ní Ítálì, a ò sì rí i lọ́hùn-ún rí."

Prošper wà níbẹ̀, ó ti ń dàgbà, ẹnu rẹ̀ kò dàgbà. "Lovre," ó wí, "ẹni tó sá fún ìyàwó, ṣé ó máa ń jẹ́ kí ará ilé rí òun ni?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín. Mo wo ẹnu rẹ̀ nígbà tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì kórìíra bàbá mi ju bí mo ti kórìíra Prošper lọ. Ọlọ́run mi, ẹni tó yẹ kí n kórìíra wà níwájú mi, èmi ń kórìíra òkú.

Bepo ọkọ mi ló kàn. Atukọ̀ ńlá ló ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra àwọn ọkọ̀ ike tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń fi wọ́n mú àlejò lọ wo ihò àpáta nígbà ooru. Ní òpin ìgbà òtútù ọdún kan, òkun dákẹ́ bí mi ò ti rí i kí ó dákẹ́ rí, omi sì fà sẹ́yìn, ó fà débi pé àwọn òkúta tí oòrùn ò rí rí ń gbẹ létí omi.

"Katina, dìde, jẹ́ ká lọ wo ihò," ni Bepo wí.

"Ihò wo? Mo ní aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀."

"Aṣọ ò ní sá lọ. Òkun ló sá lọ. Bó bá padà, ó di ọdún mìíràn."

"Ìwọ àti ihò! Ó yẹ kí o ti fẹ́ eku."

"Mo fẹ́ ẹ náà. Wọ bàtà rẹ."

A jọ wọ ọkọ̀ kan, òun lẹ́yìn, èmi níwájú. Ọkọ̀ náà ń yọ̀ lórí omi, àjẹ̀ wa nìkan ló ń dún. A wọ ihò tí omi rẹ̀ búlúù bí aró, a wọ èyí tí àwọn àlejò ti máa ń pariwo orúkọ ara wọn kí àpáta lè dá wọn lóhùn. Bepo ò ké, ó mọ̀ pé inú á bí mi. Inú mi dùn, ká sọ tòótọ́. Ó pẹ́ tí mo ti jókòó sínú ọkọ̀ láìṣe pé iṣẹ́ ń dúró dè mí lọ́hùn-ún.

Nígbà tí a dé Gola, ẹnu mi ti ń kó itọ́ jọ fúnra rẹ̀. Mo tu ú. Bepo ti mọ̀ mí. Ojú òkè ló ń wò. Àwọn àdàbà ń jáde láti inú lílà kan lókè àpáta, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ò lè dé.

"Ibo ni wọ́n ń sùn?" ló bi mí.

"Inú àpáta. Ṣé wọ́n á sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ni?"

"Bí inú bá wà, ẹnu á wà."

A wá ẹnu náà. Lẹ́yìn òkúta ńlá kan ni a ti rí i, kò ga ju abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Lójoojúmọ́ ayé ni omi ń bò ó, àfi ọjọ́ tí òkun bá fà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. A gbé àjẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, a fẹ̀yìn lélẹ̀, a sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ ti òrùlé àpáta láti fi wọlé. Òkúta ń kọjá níwájú imú mi.

"Bepo, bí òkun bá mí báyìí, yóò fi orí wa lọ ata."

"Kò ní mí."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Dákẹ́, kí o má bàa jí i."

Lẹ́yìn náà òrùlé gbéra kúrò lójú mi. A dìde jókòó. Yàrá ńlá kan ni, ìmọ́lẹ̀ ń ti lílà òkè wọlé, àdàbà sì ń pa ìyẹ́ yí wa ká. Lẹ́yìn pátápátá, ilẹ̀ òkúta wẹ́wẹ́ wà tó gbẹ. Ọkọ̀ onígi kan wà lórí rẹ̀.

Mo rò pé ọkọ̀ àtijọ́ kan ni, tí ìgbì gbé wọlé. Bepo tan tọ́ọ̀ṣì. Àpáta pẹlẹbẹ kan ti já láti òkè, ó já lé iwájú ọkọ̀ náà, ó fọ́ ọ. Ẹnì kan wà lábẹ́ àpáta náà. Egungun ni, àti ìtẹ̀lẹ̀ bàtà méjì tó yọ síta, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Mo rí àjẹ̀ tó fara ti ògiri. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń fi iná sun àmì sára àjẹ̀ rẹ̀, ìlà méjì àti àgbélébùú sì ni tiwa. Irú rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa nílé.

Bepo ṣí fìlà. Èmi ńkọ́? Ẹ ó rò pé mo sunkún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bá a jà! "Ìwọ nìyí? Ibí lo wà? A ń kọjá lójúde rẹ, ibí lo sùn sí? Ṣé o ò lè ké ni?" Àpáta ń dá ọ̀rọ̀ mi padà fún mi, àdàbà ń fò. Bepo dì mí mú títí ẹnu mi fi gbẹ.

Wáyà bàbà náà wà nínú ọkọ̀, ó ti di àwọ̀ ewé. Bí wọ́n ṣe ń mú àdàbà nílé wa, wọ́n á lọ́ wáyà sí ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á so gbogbo wọn pọ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́. Egungun ẹsẹ̀ ẹyẹ tínínrín ṣì wà nínú òmíràn nínú àwọn òrùka wáyà náà. Ó ti mú wọn. Ó ti so wọ́n. Ìlérí kan ṣoṣo ló kù, pé òun ò ní pẹ́. Mo fi wáyà náà sápò mi.

Ìyá mi ń já ẹ̀fọ́ sínú abọ́ nígbà tí mo wọlé.

"Màámi, a rí bàbá mi."

Kò gbójú sókè. "Kí ló ń fẹ́?"

"Màámi..."

"Sọ fún un pé mo ti tilẹ̀kùn. Kó padà sọ́dọ̀ obìnrin rẹ̀ tó sanra."

"Màámi, nínú ihò la ti rí i. Lábẹ́ Gola. Àpáta wó lù ú. Ibẹ̀ ló wà láti ọjọ́ yẹn."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Gola?"

"Gola."

Ó gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu rẹ̀. Ó tún un nù, ó tún un nù, títí mo fi di ọwọ́ náà mú. Mo fi wáyà náà sílẹ̀ sínú àpò mi.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá a tán, ta ló bá nílé? Ìyá Àgbà ti kú, ó kú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ búrẹ́dì funfun lẹ́nu. Stipan ti kú. Arúgbó kan ló bá, tó ń já ẹ̀fọ́.

Àwọn ọlọ́pàá àti àwọn òmùwẹ̀ gbé e jáde kí omi tó padà. A fẹ́ sin ín, ìyá mi ò sì ní aṣọ dúdú kankan. Gbogbo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní dúdú kún àpótí, òun nìkan ni kò ní. Mo lọ yá ti aládùúgbò, ó tóbi jù, mo gán an ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Mo ti di opó wàyí," bí ẹni tí iṣẹ́ tó ti ń wá tipẹ́ bọ́ sí lọ́wọ́.

Gbogbo abúlé ló wá. Àwọn tó ń ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ wọn, ọmọ ọmọ wọn. Kò sí ẹni tó lè wo ojú ẹnìkejì. Prošper wá pẹ̀lú ọ̀pá, ó ń sunkún, imú rẹ̀ ń kán. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé pósí, ó na ọwọ́ sí i.

"Palmina, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Ọ̀rẹ́ mi ni."

Ìyá mi dúró níwájú rẹ̀. "Prošper, ta lo fẹ́ gbé? Nikša ò sí níbí. Nikša wà ní Amẹ́ríkà, òun àti obìnrin rẹ̀ tó sanra. Ṣebí ìbátan rẹ rí i?"

"Kò rí nǹkan kan," Prošper wí. "Kò sí ìbátan. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Àwàdà ni, Palmina."

"Mo mọ̀," ìyá mi wí. "Èmi náà rẹ́rìn-ín."

Ó dúró títí Prošper fi mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Àwọn tó gbé pósí náà gbé e lọ, kò wúwo.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, tí a fọ àwo tán, a jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbi tó jókòó sí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Òkun ṣì dákẹ́. Mo rò pé ó ti lágbára tó. Mo yọ wáyà jáde, mo fi sí i lọ́wọ́. Kò bi mí ohun tó jẹ́. Ó nu ìpẹtà rẹ̀ sára aṣọ dúdú tí mo yá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìka ka àwọn òrùka náà lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ti ń ka orí ẹja nígbà kan.

"Mẹ́fà," ló wí.

Ó tún wọn kà láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Mẹ́rin ni mo ní kó mú, Katina. Mo sọ fún un. Mo ní mẹ́rin ti tó."